Bọ́gà ilé ọtí lẹ́yìn ìrìn òkè: báwo la ṣe máa débẹ̀ kí kíṣìnì tó pa?

Àdùkẹ́ Sheffield
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwa mẹ́jọ fẹ́ rin Great Ridge, òkè gígùn kan ní Peak District, agbègbè olókè ní England, lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Láti abúlé Hope la ó ti gbéra, a ó gba orí Lose Hill àti Mam Tor, a ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Edale ká lè wọ rélùwéè padà sílé níbẹ̀. Kì í ṣe ìrìn yẹn ló ń kọ mí lóminú. Bọ́gà ni.

Lọ́dún tó kọjá, a rin irú ìrìn báyìí ní apá ibòmíràn. Àtàárọ̀ ni mo ti ń ro bọ́gà tí mo máa jẹ tá a bá parí. Gbogbo òkè tí mo gùn, bọ́gà yẹn ni mo fi ń tan ẹsẹ̀ mi. A dé ilé ọtí abúlé náà ní aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tó wà ní kàǹtà wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ká má bínú, kíṣìnì ti pa, ó di aago mẹ́fà. Ànàmọ́ gbígbẹ inú ọ̀rá, tí wọ́n ń pè ní crisps, la fi mu kóòkì. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọkọ mi ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Kí ni kí n ṣe kí irú ẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀? Ẹ rántí pé Mùsùlùmí kan wà láàárín wa, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan náà ń bá wa lọ. Èmi alára ò sì lè jẹ ohun tí kò bá ta lẹ́nu.

Bàbá Ìbejì Manchester
Àdùkẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀ bọ́gà. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti ilé ọtí, ti ìṣirò ni. Ilé ọtí abúlé kì í dáná látàárọ̀ ṣúlẹ̀ bíi ti ojú títì London. Ọ̀pọ̀ wọn ń dáná ọ̀sán láti aago 12 sí nǹkan bí aago 2 tàbí 2:30, wọ́n á pa á, ó tún di ìrọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn ò sì ní pa á rárá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ò lè fi ojú mọ èyí tó máa pa á. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ohun tí Google ń kọ síbẹ̀ ni wákàtí tí ilẹ̀kùn ṣí, kì í ṣe wákàtí tí iná ń jó. Ẹ bi wọ́n pé, "Aago mélòó lẹ máa gba oúnjẹ kẹ́yìn?" Ó tán.

Láti aago yẹn ni kí ẹ ti wá ka ìrìn yín padà sẹ́yìn. Ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith ti fi ìlànà kan lélẹ̀ láti 1892 tí àwa arìnkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn. Ọ̀nà yín yẹn á tó kìlómítà 10 tàbí 11, òkè tí ẹ máa gùn lápapọ̀ á sì tó bíi mítà 450. Wákàtí méjì àti díẹ̀ fún ilẹ̀, ìṣẹ́jú 45 fún òkè. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n Naismith ò bá ọmọ Yorùbá rìn rí, kò mọ̀ pé a máa ya fọ́tò. Ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ kún un. Bí wọ́n bá ń gba oúnjẹ kẹ́yìn ní 2:30, aago 9:30 àárọ̀ ni kí ẹsẹ̀ yín ti kúrò ní Hope.

Ẹlẹ́sẹ̀ Wúyẹ́wúyẹ́
Bàbá, aago 9:30 ti àwa ni àbí ti rélùwéè?

Bàbá Ìbejì Manchester
Ti rélùwéè. Kì í dúró de ẹni tó ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ kejì.

Ohun kan tún kù, Àdùkẹ́. Ibì kan wà lórí òkè yẹn tí wọ́n ń pè ní Hollins Cross, ó wà láàárín Mam Tor àti Back Tor, orí òkè kan tí ẹ máa kọ́kọ́ kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ya sọ̀ kalẹ̀ sí Edale. Tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ wo aago kí ẹ tó wo ojú ara yín. Bí àkókò bá ti lọ, ẹ fi Mam Tor sílẹ̀. Mítà 517 ni, kò ní sá lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá Oníkíṣìnì
Ọdún mẹ́fà ni mo fi dáná nínú pọ́ọ̀bù, ìyẹn ilé ọtí yìí náà, kí n tó yí iṣẹ́ padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé 2:30 la ń gba oúnjẹ kẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé láti 2:10 la ti ń fi irin ha ojú ààrò. Ẹni mẹ́jọ wá já wọlé ní 2:25, gbogbo wọn ní bọ́gà làwọn fẹ́. A máa sè é o, òfin ilé ni. Àmọ́ ẹ ò ní jẹ èyí tó dára jù lọ́wọ́ wa. Bọ́gà pọ́ọ̀bù kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi ti àwọn ilé oúnjẹ kíákíá. Ẹran rẹ̀ máa ń nípọn, tiwa tó gíráàmù 170. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú méjìlá lórí iná. Tó bá kúrò lórí iná, ó tún fẹ́ ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kó fi sinmi kí omi ara rẹ̀ lè padà sínú. Èyí tí a bá kánjú sè, ìsinmi yẹn la máa ń jí. Ẹ gé e báyìí, omi ẹran á ṣàn sínú búrẹ́dì, búrẹ́dì á rọ̀ bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi.

Nítorí náà, ẹ pè wọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ sọ iye yín, ẹ sọ aago tí ẹ máa dé, ẹ sì sọ pé bọ́gà lẹ ń bọ̀ wá jẹ. Ẹ pè kí ẹ tó gun òkè, torí ẹ lè má rí nẹ́tíwọ̀kì lọ́nà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fẹ́ kí inú bọ́gà òun pupa bíi ti steak. Odindi ẹran, ara rẹ̀ lóde ni kòkòrò àrùn ń wà, iná sì máa ń pa á. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, ohun tó wà lóde ti di ti inú nìyẹn. Wọ́n ní kí àárín rẹ̀ gbóná tó 70°C fún ìṣẹ́jú méjì. Pọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ máa ta èyí tí inú rẹ̀ pupa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí. Jíjinná kò ní kó gbẹ bí ọ̀rá bá wà nínú ẹran náà. Ọ̀rá ìdá márùn-ún ẹran ni tiwa, a kì í dín in kù.

Àlàájà Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o. Nítorí ti ọ̀rẹ́ yín, Àdùkẹ́. Ẹ má retí ẹran tí wọ́n fi bisimillahi pa ní ọ̀pọ̀ ilé ọtí abúlé, kí ó má bàa jẹ́ pé orí tábìlì ló ti máa mọ̀. Bọ́gà ẹ̀fọ́ tàbí ti halloumi, ìyẹn wàrà tí wọ́n yan, lèmi máa ń jẹ. Halloumi yẹn, tí wọ́n bá yan án dáadáa, ó ń dún lábẹ́ eyín bíi wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n dín ní Ìlọrin. Kó bi wọ́n bóyá ojú ààrò kan náà ni wọ́n fi ń yan bacon, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹja gan-an, kó ṣọ́ra. Èmi jẹ ẹja díndín pọ́ọ̀bù fún ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé bíà ni wọ́n ń fi po ìyẹ̀fun rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi! Ọlọ́run ló ń dárí jini. Bọ́gà tí orúkọ rẹ̀ bá gùn lórí ìwé oúnjẹ, ẹlẹ́dẹ̀ ti sáábà wà lórí rẹ̀, torí náà kó kà á parí. Kò sí ìtìjú nínú ìbéèrè. Òfin fi dandan lé e pé kí wọ́n lè sọ nǹkan mẹ́rìnlá kan tó máa ń dà láàmú nínú oúnjẹ, ẹ̀pà àti ẹyin àti wàrà wà lára wọn. Ìbéèrè ò ṣàjèjì sí wọn.

Tí òórùn ọtí bá ń dà á láàmú, ẹ jókòó sí ọgbà ìta. Òtútù lásán ló wà níbẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ Wúyẹ́wúyẹ́
Ìmọ̀ràn tèmi ò gùn: ẹ má jẹ nǹkan kan látàárọ̀. Ebi ni kí ẹ gbé débẹ̀. Bọ́gà tí mo jẹ ní Castleton lẹ́yìn wákàtí márùn-ún láìfẹnu kan nǹkan, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́. Mo pọ́n ìka lá.

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin
Ẹlẹ́sẹ̀, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wọnú ti jẹ́ "rọra, ibí yìí ń yọ̀" ńkọ́? Ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹsẹ̀ máa ń gbọ̀n, ìgbà yẹn gan-an sì ni agbára oúnjẹ àárọ̀ ti tán. Ọmọdé kì í sọ pé ebi ń pa òun, ó kàn máa ń jókòó sílẹ̀ ni.

Ẹ jẹ nǹkan gidi lówùúrọ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ máa wọ́n nǹkan jẹ: ẹ̀pà, ìpékeré, chin-chin. Ẹ̀kúnwọ́ kan ní wákàtí kan, kò ní dí bọ́gà lọ́nà. Mo fẹ́ràn ìpékeré jù torí iyọ̀ rẹ̀. Òógùn ti gba iyọ̀ lára yín. Ìdí nìyẹn tí ànàmọ́ díndín ẹ̀gbẹ́ bọ́gà fi máa ń dùn kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀tì gbígbẹ kan àti ìbọ̀sẹ̀ kan dání. Tí ẹ bá dé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ pààrọ̀ èyí tó ti tutù lára yín. Ẹni tí aṣọ òógùn bá wà lára rẹ̀ kì í gbádùn nǹkan kan, òtútù á ti mú un kí oúnjẹ tó dé. Kí ẹ sì mu omi kí ẹ tó mu ohunkóhun mìíràn. Ilé tó bá gba àṣẹ ọtí ní England gbọ́dọ̀ fún yín lómi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá béèrè, kí ẹ má ra ti inú ìgò.

Ìyá Dọ́tun Derby
Ẹ̀yin ò tíì sọ ti bàtà! Ẹrẹ̀ òkè yẹn dúdú bí èédú, ó sì ń lẹ̀. Àwọn ilé ọtí tó wà lẹ́sẹ̀ òkè mọ̀ wá, òmíràn ní yàrá tí wọ́n gbà kí ẹlẹ́rẹ̀ àti ajá jókòó sí, àmọ́ ibòmíràn tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń kó ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù méjì sínú àpò. Bí mo bá rí kápẹ́ẹ̀tì, mo bọ́ bàtà sínú ọ̀rá, mo wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Inú wọn máa ń dùn.

Ẹ má jókòó kí ẹ máa retí ẹni tó máa wá bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ jẹ. Nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, èmi àti bàbá Dọ́tun jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú, a rò pé torí àwọ̀ wa ni wọn ò ṣe dá wa lóhùn. A ti ń múra ìjà kí bàbá àgbàlagbà kan tó rọra sọ fún wa pé kàǹtà là ń lọ. Ẹ wá tábìlì, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ lọ sọ nọ́ńbà náà ní kàǹtà, ẹ sanwó, ẹ gba ohun mímu yín lọ́wọ́. Oúnjẹ á wá bá yín. Kò pọn dandan kí ẹ fún wọn lówó ẹ̀bùn.

Mọ́mì mi nílé ò tíì gbà pé ayọ̀ wà nínú nǹkan wọ̀nyí. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ní, "Ẹ rin kìlómítà mẹ́wàá lọ jẹ búrẹ́dì? Ṣé kò sí ọkọ̀ níbẹ̀ ni?"

Àdùkẹ́ Sheffield
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ ata wá ńkọ́? Ṣé ìwà àìmọ̀wàáhù ni kí n yọ ata tèmi jáde níwájú wọn?

Ìyá Dọ́tun Derby
Ìgò kékeré ló wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo. Ata rodo tí mo dín gbẹ pẹ̀lú àlùbọ́sà. Abẹ́ tábìlì ni mo ti ń ṣí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá Oníkíṣìnì
Ẹ yọ ọ́ jáde ní gbangba. Oúnjẹ ìta ni àwọn onílé ọtí ò fẹ́, ata kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ ní kí wọ́n gbé ketchup àti mayonnaise sínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ po ata mọ́ mayonnaise. Ìyẹn ni àṣírí mi. Ata gbígbẹ lójú ẹran lásán máa ń bọ́ sílẹ̀, mayonnaise ló máa dì í mú. Yájì náà dára, àmọ́ ojú ẹran gbígbóná ni kí ẹ ti wọ́n ọn, kí chíìsì tó tutù.

Bàbá Ìbejì Manchester
Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi èyí kún un, ẹ mọ̀ pé àgbà ti ń dé. Tí àkókò bá wà, ẹ rìn dé ojú ilé ọtí Old Nags Head lókè abúlé Edale. Láti 1577 ni ilé yẹn ti wà, iwájú rẹ̀ sì ni Pennine Way, ọ̀nà àwọn afẹsẹ̀rìn, ti bẹ̀rẹ̀, máìlì 268 títí dé Kirk Yetholm ní Scotland. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Ẹ lè rí àwọn tó di ẹrù bí ẹni tó ń kó kúrò nílé.

Òkè ńlá tó wà lókè orí abúlé yẹn ni Kinder Scout. Ní April 24, 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ gun un láìgbàṣẹ, torí àwọn ọlọ́rọ̀ ti fi ṣe ibi ìṣọdẹ ẹyẹ wọn. Wọ́n sọ márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ìbejì mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa wò wọ́n lójú lórí òkè yẹn bí ẹni pé wọ́n ṣìnà débẹ̀.

Àdùkẹ́ Sheffield (alẹ́ Sátidé)
Mo ti dé o! Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo pè wọ́n láàárọ̀. 2:30 ni wọ́n ń gba oúnjẹ kẹ́yìn, bí Bàbá ṣe wí gẹ́lẹ́. Mo ní ẹni mẹ́jọ, aago méjì. Aago 9:40 la kúrò ní Hope. Lose Hill fẹ́ pa wá, ọmọdé yẹn ló ń dúró dè wá. Lórí Back Tor, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀: fọ́tò. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ gbé ìró àti bùbá dání nínú àpò ẹ̀yìn, ó fi wọ orí aṣọ òjò.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún la dé Hollins Cross. Mo wo aago kí n tó wo ojú ẹnikẹ́ni. Mam Tor wà lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn ń gòkè rẹ̀ bí èèrà. Lílọ àti bíbọ̀ á gba wákàtí kan, ká tó tún wá sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ká dìbò. Mẹ́rin sọ pé òkè, mẹ́ta sọ pé bọ́gà, ó wá ku ọmọ náà. Ó wo Mam Tor, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé chips wà níbẹ̀?" Ìdìbò di ọgbọọgba, mo wá fi ipò ọ̀gá ìrìn tẹ ìwọ̀n.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún la wọlé. Mo pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ yẹn nìkan tó ohun tí mo lè torí ẹ̀ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A jókòó sí tábìlì 14 lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi, ajá ńlá kan sùn sí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi sì ń bẹ̀rù láti mí.

Bọ́gà dé lórí pákó. Búrẹ́dì rẹ̀ ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gún un láàárín kó má bàa wó. Chíìsì ti yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí rẹ̀ sì ti jóná díẹ̀, ó dàbí ìpáàpáà ìdí ìkòkò ìrẹsì. Mo fà igi náà yọ, mo ṣí i, èéfín gbà mí lójú. Mo po ata mọ́ mayonnaise bí Ọmọ Ẹ̀gbá ṣe ní kí n ṣe, mo tẹ́ ẹ, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ búrẹ́dì náà mọ́lẹ̀, mo gé e sí méjì. Inú rẹ̀ jinná, omi sì wà nínú rẹ̀. Ní ìgé kẹta omi bọ́ lójú mi. Ọkọ mi ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀." Mo ní ata ni lọ́tẹ̀ yìí.

Àlàájà Leeds
Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?

Àdùkẹ́ Sheffield
Halloumi ló jẹ, Àlàájà. Ó béèrè ọ̀rọ̀ bacon yẹn, wọ́n lọ fi páànù ọ̀tọ̀ dín tirẹ̀. Ó wá fi ọgbọ́n jẹ ìdajì ànàmọ́ mi.

Ẹlẹ́sẹ̀ Wúyẹ́wúyẹ́
Ìgò ata wá dà?

Àdùkẹ́ Sheffield
Ó ti ṣófo. Ọmọbìnrin tó wá kó àwo wò ó, ó bi mí bóyá òun lè tọ́ ọ wò. Mo ní kó rọra. Kò rọra. Ó mu omi ife méjì, ó wọ kíṣìnì lọ, ó sì mú alásè jáde wá pẹ̀lú bírò. Ẹ̀yìn rìsíìtì wa ni mo kọ ọ́ sí fún un, lẹ́tà gàdàgbà: ATA RODO. Ó ní kí n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.